Múyì Tó Wádìí Ọkọ̀ Òkun Bí Ẹni Ń Wádìí Ìyàwó

Kán-ín! Kán-ín! Kán-ín!

Irin ojú ọ̀nà rélùwéè kan ni, kò gùn ju apá ọkùnrin lọ, tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ sára igi máńgòrò níwájú ilé Baálẹ̀ abà Ògúngbadé, lẹ́yìn Lálúpọn. Bí wọ́n bá ti fi òòlù lù ú, a ti mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe ohun tí kò dáa, gbogbo wa a sì sáré lọ wo ojú ẹni náà. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo sáré bíi tàwọn yòókù. Mo ti dé abẹ́ igi, mo ti rí ibi tó dáa dúró sí, kí n tó gbọ́ pé èmi ni.

Ẹjọ́ kan dé ààfin lọ́jọ́ náà, ọdún 1957. Lójú tèmi, àná ni. À ń pè é ní ààfin ni o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ ni, páànù rẹ̀ ń jò níbi méjì, àwọn ìjòyè sì ti mọ ibi tí kò ti ń jò.

Baálẹ̀ Ọláníran wà lórí àga. Bàbá Yésúfù tí í ṣe Ọ̀tún wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Ẹni tó pẹjọ́ ni Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, ẹlẹ́gàrí, tí ohùn wọn máa ń dé ilé ṣáájú ẹrù orí wọn. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni èmi Múyì, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó ní Lálúpọn, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìwé kà ní gbogbo abà náà. Ìwé tí mo mọ̀ yìí gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ mi di yẹ̀yẹ́.

"Gbọ́njúbọ́lá," Baálẹ̀ ní, "kí lọmọ yìí ṣe fún ọ?"

"Kí ẹ̀mí Baálẹ̀ ó gùn. Àbúrò mi Àbíkẹ́ ni mo fẹ́ kó gbé fún mi."

"Ó jí Àbíkẹ́ gbé ni?"

"Kò gbé e! Àìgbé tí kò gbé e ni mo ṣe pè é lẹ́jọ́."

Baálẹ̀ wo Ọ̀tún. Ọ̀tún wo páànù.

"Tún un sọ, kó yé àgbà."

"Baálẹ̀, ọdún kejìdínlógún rèé tí Àbíkẹ́ ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kùmásì. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ìyá kú, Àbíkẹ́ ò gbọ́ títí ilẹ̀ fi mu ún. Mo ní kí èmi náà lọ fojú kàn án kí n tó kú. La wá gbọ́ pé ọkọ̀ òkun méjì ń gbé èèyàn láti Èkó lọ wo Gáná. Wọn á gbé ọ lórí omi, wọn á mú ọ rìn kiri lórí ilẹ̀, wọn á sì dá ọ padà sílé. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. Èmi àti Hezekiah àti Làmídì, a ò mọ èwo ni ká wọ̀. A wá rán ẹni tó mọ̀wé."

"Múyì nìyẹn."

"Òun náà ni, alákọ̀wé wa! Ó lọ sí Ìbàdàn, ó dé, ó ní dúdú ni. Ọkọ̀ dúdú gbé wa dé Tákórádì. Wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, pé ìrìn orí ilẹ̀ ti tó. Wọ́n tò wá sí ìlà kan bí ọmọ ilé-ìwé, wọ́n mú wa yí òkìtì gẹdú kan ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní ó parí."

"Kí ló parí?"

"Ilẹ̀!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n tó rántí ibi tí mo dúró sí.

"Mo ní, Kùmásì ńkọ́? Wọ́n ní ó jìnnà, ọkọ̀ ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Mo gun orí gẹdú, Baálẹ̀. Mo kọjú síbi tí wọ́n ní Kùmásì wà, mo fi gbogbo ohùn mi pe Àbíkẹ́. Àbíkẹ́ mẹ́ta ló dá mi lóhùn ní èbúté náà. Ọ̀kan ọmọ Ọ̀fà, ọ̀kan ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀kẹta ń ta búrẹ́dì, kò dúró kí n bi í. Kò sí tèmi níbẹ̀."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá fa àpò kan síwájú, wọ́n tú ẹnu rẹ̀.

"Gàrí tí mo yan fún un rèé. Ó bá mi lọ, ó bá mi bọ̀. Omi òkun ta sí i lójú ọ̀nà."

"Ẹ̀rí nìyí," Baálẹ̀ ní. "Ẹ̀rí kì í dùbúlẹ̀ lásán, à ń yẹ̀ ẹ́ wò ni." Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n jù ú sẹ́nu. "Ọ̀tún, kí lẹ rí sí i?"

Bàbá Yésúfù náà bù. "Iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀rí yìí, Baálẹ̀. Omi tútù ló kù."

Wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé omi wá, kí ìwádìí lè jinlẹ̀.

"Múyì, o gbọ́ ẹ̀sùn?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá."

"Kí lo rí sọ?"

"Wọ́n ní kí n wádìí ni, Bàbá. Mo sì wádìí."

"Irọ́!" Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ní.

"Ìyá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà stéṣàn. Ẹ ní, 'Múyì, wádìí wọn o. Bí a ṣe ń wádìí ilé ìyàwó ni kó o wádìí wọn.' Ṣé ẹ sọ ọ́, àbí ẹ ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, mi ò mọ̀ pé etí yìí lo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

"Bàbá, ta ló ń wádìí ìyàwó tó ń wọ ilé ìyàwó lọ béèrè? Àdúgbò la ti ń béèrè. Nígbà tí mo dé Dùgbẹ̀, mo rí i pé ọ́fíìsì méjèèjì kọjú síra wọn. Mi ò wọ ọ̀kankan."

"O ò wọ ọ̀kankan?"

"Àbùkù ni, Bàbá! Kí wọ́n má baà mọ̀ pé a ti ń fojú sí wọn lára. Ẹ̀yìn igi kan ni mo sá sí, láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí."

"Ọwọ́ ta lo ti wá wádìí?"

"Ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́pà tó jókòó sáàárín méjèèjì. Mo kọ́kọ́ béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé ọkọ̀ funfun."

Baálẹ̀ gbé abọ́ gàrí kúrò lẹ́nu. "Kí ni?"

"Wèrè, Bàbá. Lẹ́yìn náà ẹ̀tẹ̀. Lẹ́yìn náà àfọwọ́rá. Wọ́n ní àwọn ò rí ìkankan. Mo wá béèrè ìwà. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dá ara rẹ̀ sí méjì. Akọ̀wé ọkọ̀ dúdú, bó bá ti yọ láàárọ̀, gbalaja ló máa ń dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́pà. Á gbá iwájú ọ́fíìsì tirẹ̀, á gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn. Akọ̀wé ọkọ̀ funfun, ẹ kí i títí, kò ní jẹ́ yín. Bàtà rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ìwà lẹwà. Mo yan ọkọ̀ tó níwà."

Bàbá Yésúfù mi orí. "Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fẹ́ mọ́gbọ́n dání. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ nìyẹn."

"Múyì," Baálẹ̀ ní, "ṣé wọn ò kọ nǹkan kan sára ògiri wọn ni?"

"Wọ́n kọ ọ́, Bàbá. Pátákó ńlá, lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Mi ò kà á."

"Ìwọ! Ìwọ tó ń ka ìwé tí wọ́n fi ń di iyọ̀! Kí ló dé tí o ò kà á?"

"Àwọn ló kọ ọ́ nípa ara wọn, Bàbá. Ta ló ń ti ẹnu ìyàwó gbọ́ ìwà ìyàwó?"

Mo ti darúgbó báyìí, mo sì ń sọ ọ́ fún yín láìtijú: nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn tán, mo rò pé mo ti jàre. Mo tilẹ̀ ti ń wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí mi kú oríire.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Bàbá Hezekiah ló kọ́kọ́ jáde, nínú sùtánà Aládùúrà wọn tó funfun báláú.

"Baálẹ̀, kí a sọ òótọ́ nítorí Ọlọ́run, ọkọ̀ dúdú dára. Òkun rọlẹ̀ bí omi inú àmù. A kọrin lọ, a kọrin bọ̀. Kò sẹ́ni tó bì."

Bàbá Làmídì fò sókè láàárín èrò. "Ta ni ò bì? Hezekiah, fìlà mi lo bì sí!"

"Fìlà ẹ ló já bọ́ síbi tí mò ń bì sí."

"Ẹ gbọ́ o! Ó bì!"

"Ohun tí mo sọ ni pé mi ò bì lórí òkun."

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀, kò bì lórí òkun. Ọkọ̀ ò tíì kúrò ní Èkó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè ni."

"Oúnjẹ wọn ńkọ́?" Bàbá Yésúfù béèrè. Wọ́n ń mu tiwọn lọ́wọ́.

"Ó dára púpọ̀," Bàbá Hezekiah ní. "Búrẹ́dì àti ẹja inú agolo."

"Agolo ni mo rí," Bàbá Làmídì ní. "Mi ò rí ẹja."

"Ilẹ̀ Gáná náà ńkọ́?"

"Ilẹ̀ tó lẹ́wà ni, ilẹ̀ olómìnira. Gẹdú pọ̀ níbẹ̀ lọ súà."

"Gẹdú yẹn náà ni gbogbo ilẹ̀ tí a rí, Baálẹ̀. Gẹdú stéṣàn Lálúpọn pọ̀ jù ú lọ, a kì í sì í bì kí a tó débẹ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì," Baálẹ̀ ní, "ṣé ọkọ̀ kan náà lẹ wọ̀ báyìí?"

"Ọkọ̀ kan náà ni," Bàbá Hezekiah ní.

"Ó burú fún mi pé ọkọ̀ kan náà ni," Bàbá Làmídì ní.

Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n má sì jókòó nítòsí ara wọn.

Lẹ́yìn wọn ni Ìyá Ẹlẹ́pà jáde, Mùjíbátù lorúkọ wọn. Bí mo ṣe dárúkọ wọn ni Baálẹ̀ ti rán èèyàn lọ pè wọ́n, wọ́n sì wọ rélùwéè ọ̀sán dé láti Ìbàdàn tàwọn ti igbá ẹ̀pà wọn, torí wọ́n ní ẹ̀rí jíjẹ́ kò ní kí ọjà má tà. Kí wọ́n tó kúnlẹ̀ tán, ẹ̀kúnwọ́ méjì ti kúrò nínú igbá náà bọ́ sínú abọ́ àwọn ìjòyè.

"Mùjíbátù, ṣé òótọ́ ni ọmọ yìí bi ọ́ nípa wèrè?"

"Ó bi mí, Baálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo ti fẹ́ kígbe pe olọ́pàá."

"Ṣé o mọ ohun tó wà lára pátákó méjèèjì?"

"Mi ò mọ ìwé, Baálẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n sórí. Gbogbo ẹni tó bá dúró ra ẹ̀pà ló máa ń kà á sókè sí mi létí. Ọkọ̀ dúdú: wákàtí mẹ́fà péré ni yóò lò ní Tákórádì, èrò ò ní kúrò ní èbúté. Ọkọ̀ funfun: ọjọ́ mẹ́jọ lórí ilẹ̀, lọ́rì yóò gbé èrò dé Kùmásì, wọn yóò sùn níbẹ̀, wọn yóò rí ẹni tí wọ́n bá fẹ́ rí."

Gbogbo ààfin yíjú sí mi.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún un?"

"Kò bi mí, Baálẹ̀. Wèrè ló ń bi mí."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, bóyá ó ti parí. Ojú ń tì mí, mo ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá nìkan ni kò rín. Wọ́n dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ rín in dáadáa. Àmọ́ àyà mi ò gba òkun yẹn lẹ́ẹ̀kejì mọ́. Bí Àbíkẹ́ bá sanra, mi ò mọ̀. Bó bá rù, mi ò mọ̀. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́jà Lálúpọn lọ́la, owó gàrí ni n ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì jẹ́ kó máa lọ."

Bàbá Yésúfù rọra gbé abọ́ sílẹ̀.

"Ìyá," mo ní, "ẹ má bínú."

"N ò bínú. Àbúrò mi ni kó o gbé fún mi."

Baálẹ̀ àti Ọ̀tún forí korí. Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n wo ìsàlẹ̀ àpò, wọ́n rí i pé ẹ̀rí ti tán. Baálẹ̀ nu ẹnu, wọ́n na ọ̀pá sí mi.

"Múyì, gbọ́ ìdájọ́ ẹ. Àkọ́kọ́: akọ̀wé tí o ní kò kí èèyàn, òun ni wàá lọ máa kí. Láràárọ̀ ni wàá máa dọ̀bálẹ̀ fún un ní Dùgbẹ̀, títí yóò fi jẹ́ ọ. Bó bá di ọdún, ó di ọdún. Ìkejì: ọjọ́ tó bá jẹ́ ọ ni wàá wọ ọkọ̀ funfun. Wàá dé Kùmásì, wàá wá Àbíkẹ́ rí, wàá sì fi ọkọ̀ òkun gbé e bọ̀. Àṣìṣe orí omi, orí omi la ti ń tún un ṣe. Títí wàá fi mú un dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ kò gbọdọ̀ tẹ erùpẹ̀ abà yìí. Ìkẹta: Hezekiah àti Làmídì kò gbọdọ̀ dárúkọ òkun fún ọdún kan, ó ti sú wa."

"Ẹ̀rí mi ńkọ́?" Ìyá Gbọ́njúbọ́lá béèrè.

"Ilé-ẹjọ́ ti gbé e mì," Bàbá Yésúfù ní. "Kò sí kóòtù gíga tó tún lè yẹ̀ ẹ́ wò."

Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì mo ti wà ní Dùgbẹ̀, mo dùbúlẹ̀ gbalaja níwájú ọ́fíìsì ọkọ̀ funfun. Ọjọ́ kẹsàn-án ni akọ̀wé náà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bi mí pé kí ni mo sọ nù. Etí rẹ̀ ni kò gbọ́ dáadáa. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń dọ̀bálẹ̀ yẹn, ó rò pé nǹkan ni mò ń wá nílẹ̀.

Ọkọ̀ funfun gbé mi. Lọ́rì gbé mi dé Kùmásì. Ní ọjọ́ kẹta mo rí Àbíkẹ́ níbi tó ti ń ta abọ́ tánganran. Ó sanra. Mo ro ẹjọ́ náà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí abọ́ kan fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó sì nu ojú.

"Mo ti múra tán," ó ní. "Múyì, ọkọ̀ wo la máa wọ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun mìíràn ni ì bá bi mí! Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi nítorí ọkọ̀ yíyàn kò gbọdọ̀ ṣì í yàn lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ̀ funfun kì í gbà ju iye èrò tó gbé wá lọ, torí náà mo ní kó jẹ́ kí n ka ògiri. Mo ka gbogbo ògiri tó wà láti Kùmásì dé Tákórádì. Ọkọ̀ kan yára, oúnjẹ rẹ̀ ò dáa. Òmíràn, oúnjẹ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ibi márùn-ún ló ń yà sí. Bí mo bá ti fẹ́ mú ọ̀kan, wọ́n á tún lẹ pátákó tuntun. Àbíkẹ́ tilẹ̀ ní ká kúkú wọ lọ́rì gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ. Mo ní Baálẹ̀ sọ pé orí omi ni. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sílé nígbà náà. Mo ní ta ni yóò kà á? Èmi nìkan ló mọ̀wé ní abà, èmi náà ni mo wà níwájú rẹ̀.

"Múyì, ọkọ̀ wo?"

"Mò ń kà á lọ́wọ́, Àǹtí."

Ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́sàn-án. Ní 1966 ibà mú un lọ́jọ́ Ajé, ó sì sùn lọ́jọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ìwé ọkọ̀ mẹ́ta ṣì wà lápò mi.

Nígbà tó di ìparí 1969 tí ìjọba Gáná ní kí àjèjì máa lọ, gbogbo ará wa di ẹrù, wọ́n kọjú sí ilé. Èmi kọ ẹ̀yìn sí i, mo gba Abíjáànù lọ, torí ìdájọ́ ní láìsí Àbíkẹ́ kí n má tẹ erùpẹ̀ abà. Ibẹ̀ ni mo ti hu ewú.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ Lálúpọn kan tó wá ta aṣọ níhìn-ín sọ fún mi pé Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ṣì wà láyé. Ó ní ojú wọn ò ríran mọ́, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé ni wọ́n máa ń bi bóyá ó rí Múyì. Mo ní ṣé Àbíkẹ́ kọ́? Ó ní rárá, Múyì ni.

Mo fi ọ̀rọ̀ rán an. Ohun tí mo ní kó sọ fún wọn nìyí:

"Ìyá mi, Àbíkẹ́ kí yín. Ó ti sùn láti 1966, Kùmásì ni ibojì rẹ̀ wà. Ó múra tán láti wá bá yín. Èmi ni mi ò rí ọkọ̀ yàn. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ bá mi bẹ Baálẹ̀ tó wà lórí oyè, kí n máa bọ̀ wálé. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé ni n ó wọ̀."